Gẹdú Lójú Márùn-ún

Kọ̀ǹpútà márùn-ún, àlòkù ni gbogbo wọn.
Mo kó wọn dé gbọ̀ngán ilé-ẹ̀kọ́ l'Ókè-Sópẹ̀n
nínú ọkọ̀ akẹ́rù tí òórùn iyẹ̀ pákó ò tíì kúrò lára rẹ̀,
mo tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì, etí kan etí,
kí àwòrán kan lè gùn ju ojú kan lọ:
bàbá mi àti Ṣówẹ̀mímọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀
níjọ́ tí wọ́n la arère ìgbẹ̀yìn nílé ìlagi Àtíkòrí.
Ìtì igi á wọlé lójú kìíní,
á wọ́ kọjá lójú kejì, á bá ayùn lójú kẹta,
á jáde ní pákó lójú karùn-ún.
Bẹ́ẹ̀ ni mo lá a.

Àlá ò mọ wáyà.
Mo tẹ ọ̀kan, mo sáré, mo tẹ òmíràn, mo sáré;
kí n tó dé ìkarùn-ún, ìkíní ti gbé igi rẹ̀ lọ.
Ayùn ń ké, igi ò tíì dé.
Pákó ti là, gẹdú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.
Bàbá mi gan-an ya sí méjì:
èjìká rẹ̀ wà lójú kejì,
ọwọ́ rẹ̀ ò tíì yọ lójú kẹta.
Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.
Bí ọwọ́ kan bá pẹ́ kó tó kan àyà ńkọ́?

Ọ̀nàfúwà, olùkọ́ ìṣirò, ló gbé ètò kan wá fún mi
nínú fíláàṣì tí ìdérí rẹ̀ ti sọnù.
"Èló ni?" Ìjẹ̀bú ni mí, mo gbọ́dọ̀ bi í.
Ó ní kò sówó.
Àwọn tí ò lè tọ́ka Ìjẹ̀bú-Igbó lórí máàpù ló kọ ọ́,
wọ́n ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu:
ẹni tó mọ̀ ọ́n kà kó kà á,
ẹni tó lè tún un ṣe kó tún un ṣe,
kó má ṣáà ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.
Mo fura. Ọ̀fẹ́ a máa gbowó lọ́nà àbùjá.
Mo ka inú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, n ò rí tàkúté.

Ẹ̀rọ kan a máa ké, mẹ́rin a máa gbọ́.
"Ibi tí mo dé rè é, ibi tí mo dé rè é,"
kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti wí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.
Ẹni tó bá pẹ́ á yára díẹ̀,
ẹni tó bá ṣíwájú á rọra wọ́ ẹsẹ̀.
Ọ̀rọ̀ pàápàá ń pẹ́ lórí wáyà; ẹ̀rọ wọn ìyẹn náà,
ó yọ ọ́ kúrò, bí ọmọ tó ti mọ
bí ohùn ìyá rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dé odò.

Síbẹ̀, ẹ̀kẹta kọ̀.
Mo bi í pé ọjọ́ wo la wà, ó ní oṣù kìíní ọdún 1970.
Wọn ò tíì bí mi. Bàbá mi ò tíì mọ ayùn dì mú.
Bátìrì inú rẹ̀ ló kú, pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀ àtijọ́.
Mo ra òmíràn lọ́dọ̀ alátùn-únṣe aago l'Ójówó;
ó pe ẹgbẹ̀ta náírà, mo san irínwó.

Ìkọ́kọrẹ́ tí ìyá gbé wá ti tutù.
Iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ dáhùn.
Mo tún un tẹ̀.

Arère wọlé.
Ó ń ti ojú bọ́ sí ojú, kò kọsẹ̀ létí ìkankan.
Bàbá mi na apá, apá bá ọwọ́ pàdé.
Ayùn ń ké lẹ́nu márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà,
gbọ̀ngán ń gbọ̀n.
Ìyá wà lẹ́yìn mi, ọmọrí abọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó ní, "Dín in kù. Jẹ́ kí n gbọ́ ọ tó bá wúkọ́."
Mo pa ẹnu mẹ́rin, mo dá ọ̀kan sí.

Ó wúkọ́.

Ìyá ní, "Dá a padà sẹ́yìn."
Àwọn márààrún jọ padà sẹ́yìn.